Ẹni Tó Pa Koríko Ihò Keje

Ishbel Rennie ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kẹwàá, òtútù ti ń ta ni létí. Ó ń fi ọ̀pá gígùn gbọn ìrì kúrò lórí koríko pápá gọ́ọ̀fù bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nígbà ìwọ́wé, nítorí ìrì tó bá pẹ́ lórí koríko, àrùn ló ń bí. Ó ti gbọn ti ihò kìíní títí dé ìkẹfà. Nígbà tó dé ìkeje, èyí tó wà lórí òkè tó kọjú sí òkun, ọ̀pá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo gíríìnì náà, ìyẹn koríko kúkúrú tó yí ihò ká, tó máa ń jọ̀lọ̀ bí aṣọ àrán, ti pọ́n bí ọkà bálì tó tó kórè. Kò sì pọ́n kiri bí èyí tí àrùn mú. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló pọ́n, ìlà kọ̀ọ̀kan gún régé láti etí kan dé èkejì.

Ishbel bẹ̀rẹ̀, ó fa díẹ̀ tu. Gbòǹgbò tẹ̀lé e wá láìjà, bí irun orí aláìsàn. Àrùn kì í rìn lórí ìlà tó gún. Ẹ̀rọ ìfín oògùn ló ń rìn bẹ́ẹ̀.

Ẹni méjì péré ló ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù Port Skellan, tó jẹ́ ihò mẹ́sàn-án láàárín abúlé apẹja àti bèbè òkun. Lachlan Buchan ni ọ̀gá. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ náà, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ishbel ni ìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹja tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá wọlé, tí kò mọ ibi tó máa gbà. Lachlan ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin abúlé ń rẹ́rìn-ín pé kí ló kan obìnrin kan ẹ̀rọ agékoríko. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò mọ ilẹ̀ tí omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ ẹ̀rọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń dín kù, tí wọ́n ń dá ilẹ̀ lu wẹ́wẹ́ kó lè mí, tí wọ́n ń da yanrìn sí i, tí wọ́n sì ń fín oògùn irin kí ewéko rírọ̀ tó dà bí òwú má bàa fún koríko gidi pa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Òtútù kì í pa koríko. Ẹni tó sùn nígbà ìwọ́wé ló ń pa á."

Ishbel bá a níbi tó ti ń pọ́n abẹ ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo ìkeje."

"Kí ló ṣe é? Àwọn ehoro tún ti gbẹ́ ẹ ni?"

"Ẹ ṣáà wá wò ó."

Lachlan tẹ̀lé e gòkè. Nígbà tó rí i, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ra koríko náà, ó gbé e símú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Apakoríko nìyí. Ta ló fín apakoríko síbí? Ta ló ṣe irú nǹkan báyìí?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fín oògùn síbí ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní irin ni. Èmi ń da yanrìn sí ìkẹjọ, mo ń wò yín."

"Èmi?" Lachlan wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "N ò gbé ẹ̀rọ yẹn jáde láti oṣù kẹjọ. Ishbel, orí ẹ ti ń jò o. O ò tíì pé ogójì ọdún tó o ti ń ṣe arúgbó."

Ishbel ti lé ní ogójì lọ́dún kan. Lachlan fúnra rẹ̀ ló ra àkàrà òyìnbó wá lọ́jọ́ tó pé e. Ishbel wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń purọ́, kò sì rí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó rí ló já a láyà. Ojú ẹni tó ń sọ òtítọ́ tó mọ̀ ni.

Ó lọ sí yàrá oògùn. Kẹ́ẹ̀gì funfun méjì ló wà lórí pẹpẹ. Èyí tó jẹ́ oògùn irin, ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Èyí tó jẹ́ apakoríko ti lọ sí ìdajì. Ishbel jókòó lórí àpò yanrìn, gbogbo nǹkan tó ti ń fọwọ́ bò mọ́lẹ̀ fún ara rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀rùn wá ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni epo tán nínú ẹ̀rọ tí Lachlan ń sọ pé wọ́n jí epo. Ó pe ihò kẹrin ní ìkejì. Ó bi Ishbel léèrè pé ajá bàbá rẹ̀ ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ajá náà àti bàbá náà ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ishbel ti ń pè é ní àárẹ̀.

Ní ọ̀sán, ó lọ sí ilé Lachlan nígbà tó mọ̀ pé kò sí nílé. Netta, ìyàwó rẹ̀, ń se ọbẹ̀ ẹja sísá pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Ishbel kò tíì wọ ilé ìdáná yẹn láti nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ó gbójú sókè, ó rí ìwé pélébé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpótí gbogbo: IFE WÀ NÍBÍ. PA INÁ. ÒNÍ NI WỌ́N Ń KÓ PÀǸTÍ.

Netta rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ. Ó pa iná ìdáná, ó fa àga.

"O ti mọ̀ nìyẹn."

"Láti ìgbà wo, Netta?"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Dókítà sọ ọ́ fún wa ní oṣù kẹta. Ìgbàgbé ni, kò sì ní oògùn." Ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé pé a lọ. Mi ò ní agbára láti tún un sọ fún un."

"Ẹ bá ti sọ fún mi."

"Mo rò pé bó bá ti wà láàárín koríko, kò séwu. Bó bá dé ilé, ó máa ń dà bí àlejò. Bó bá ti gbọ́ orúkọ pápá, á tún dà bí Lachlan." Ó gbójú sókè. "Kí ló ṣe?"

Ishbel sọ fún un. Netta bo ẹnu.

"Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kó fẹ̀yìn tì," Netta ní. "Ọ̀sẹ̀ méje péré, Ishbel. Wọ́n ti ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa bu ọlá fún un. Tí wọ́n bá gbọ́ èyí, bí olè ni wọ́n ṣe máa lé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde."

Ishbel ṣèlérí. Ó padà sí pápá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn kúrò lára ìṣó tó máa ń wà, ó fi sápò ara rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó ni pápá pe Ishbel àti Lachlan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Forbes Imlach, olórí ẹgbẹ́, ẹni tó ni ilé ìtajà oògùn ní abúlé, ló ṣáájú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa oògùn, kò sì sí irọ́ òjò tàbí kòkòrò tí wọ́n lè pa fún un.

"Apakoríko ni wọ́n fín sórí ìkeje," ó ní. "Ta ló fín in?"

Lachlan wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Ishbel kò wo ibẹ̀.

"Èmi ni. Mo ṣi kẹ́ẹ̀gì mú. Ẹ má bínú."

Imlach tú ìmí síta bí ẹni pé ìdáhùn tó ń retí kọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Lachlan ti dìde.

"Mo ti wà níbí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n rárá. "N ò ṣe irú èyí rí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Mo sọ fún un títí pé kó máa ka ara kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i. Ó mọ ilẹ̀ tọ́jú, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè pa gíríìnì odindi, tó tún wo ojú mi lọ́jọ́ kejì tó ní èmi ni mo ṣe é, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó sún mọ́ oògùn mọ́." Ó yíjú sí Ishbel, omi dúró lójú rẹ̀. "O dójú tì mí, Ishbel. N ò mọ̀ pé o lè ṣe báyìí sí mi."

Ishbel gbé e mì. Ó le ju kó gbé òkúta mì lọ. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dojú kọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ó wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ títí tí wọ́n fi kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, tí ó sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni Imlach ní, "Láti òní lọ, Lachlan nìkan ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn. Ishbel, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà?"

Kò ro ti èyí. Irọ́ tó pa láti fi dáàbò bo ọ̀gá rẹ̀ ti gbé ohun tó lè pa gbogbo pápá lé ọ̀gá náà lọ́wọ́. Lójú gbogbo wọn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó gbé e fún Lachlan. Lachlan gbà á láìwo ojú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ojúmọ́ tó là dáadáa, Ishbel ti dé pápá. Ó fẹ́ bẹ Lachlan, ó fẹ́ fi ọgbọ́n gba kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ilẹ̀kùn yàrá oògùn ṣí sílẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìfín oògùn lọ sápá ihò kẹta. Ó sáré. Bàtà òjò wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Ó dé iwájú ẹ̀rọ náà nígbà tí Lachlan fẹ́ wọ orí gíríìnì, ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró! Ọ̀gá, ẹ dúró!"

"Kúrò lọ́nà."

"Kí lẹ bù sí i?"

"Irin. Kí lò ń bi mí sí? Ìwọ tó pa ìkeje!"

"Ẹ jẹ́ ká wo kẹ́ẹ̀gì náà. Kẹ́ẹ̀gì nìkan ni. Tó bá jẹ́ irin, mo máa kúrò, ẹ sì lè lé mi lọ lónìí."

"Ṣé o ti ń bú mi ni? Èmi tó kọ́ ẹ tó o fi dèèyàn?"

Ishbel na ọwọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, ó pa á. Lachlan gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kò gbá a rí. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, àwọn ẹyẹ òkun ń ké, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé igi lọ sórí koríko tí kò tíì séwu lára rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì funfun náà wà lẹ́yìn àga, níbi tí Lachlan gbé e sí. Ó bínú gbé e, ó gbé e sókè kí Ishbel lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, bó ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe.

Ó ka orúkọ oògùn náà: apakoríko. Ó dúró. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀. Ó wo òkè, síbi tí ìkeje wà.

"Èmi ni," ó ní.

Ishbel sún mọ́ ọn.

"Ishbel, èmi ni mo pa ìkeje."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ṣé Netta mọ̀?"

"Ó mọ̀."

Lachlan jókòó lórí ilẹ̀ tútù, ó fi ẹ̀yìn ti táyà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ishbel jókòó tì í. Kò mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí lára ọkùnrin tí kò dì mọ́ra rí lọ́dún mẹ́tàdínlógún, ó wá di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ní àná," Lachlan ní, "mo sọ nǹkan kan nípa ẹ níwájú wọn. Mo mọ̀ pé mo sọ nǹkan kan. Kí ni mo sọ?"

"Kò ṣe pàtàkì."

"Ó ṣe pàtàkì. Kí ló dé tó o gbà á sórí ara ẹ?"

"Ọ̀gá, ta ló gbà mí síṣẹ́?"

Ó ronú títí, ó sì rí i. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló dìde lójijì, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó mú Ishbel lọ́wọ́.

"Mú mi lọ sọ́dọ̀ Imlach. Nísinsìnyí. Mú mi lọ kí n tó gbàgbé."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé. Lójú ọ̀nà, Lachlan ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sọ́jà: "Èmi ni mo fín in. Ishbel kọ́. Èmi ni mo fín in. Ishbel kọ́." Nígbà tí obìnrin kan kí wọn létí ilé búrẹ́dì, kò dáhùn, ó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà lè bọ́. Bí Imlach ṣe ń ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ni wọ́n dé. Lachlan ṣí fìlà, ó sọ ọ́ láìtàsé. Ó wá ní, "Ìyẹn ni mo ní kí n sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Imlach kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde.

Ìgbìmọ̀ fa ìwé ìkìlọ̀ Ishbel ya. Wọ́n ní kí Lachlan máa sinmi nílé títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n sì kà á sí ìsinmi ọdọọdún tí kò tíì gbà. Gbogbo wọn ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, òtítọ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ Lachlan. Èyí tó kù lórí rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́: Ishbel ló pa ìkeje, òun náà ló sì gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá.

Netta fẹ́ máa sọ òtítọ́ fún un. Ishbel ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ? Lójoojúmọ́ ló máa dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ìbínú kò pa á."

Ó bẹ Imlach àti ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Báyìí ni àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ẹnìkan á pariwo, "Ẹ sá o! Ishbel ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó fín yín!" Òun náà á ní, "Ìwọ kọ́, èpò bíi tìẹ kò gbóògùn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Inú oṣù kọkànlá ló tún ìkeje ṣe. Wọ́n ti ní kó dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá tún móoru, ó kọ̀. Ebè koríko kan wà lẹ́yìn àká irinṣẹ́ tí òun àti Lachlan ti ń tọ́jú fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gé e ní gbọọrọ pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó ká a bí ẹní, ó ń fi kẹ̀kẹ́ tì í gòkè ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó hú òkú koríko kúrò, ó gbé erùpẹ̀ òkè tó ti mu oògùn dànù, ó da tuntun, ó fi réèkì tẹ́ ẹ títí tó fi jọ̀lọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan, ẹ̀yìn ń ro ó.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Netta mú Lachlan gba etí òkun kọjá kó lè nasẹ̀. Nígbà tó rí ẹní koríko nílẹ̀, ó já ọwọ́ gbà, ó gòkè wá. Kò kí Ishbel. Ó kúnlẹ̀, ó mú ẹní kan, ó tú u, ó fi etí rẹ̀ ti etí èyí tó wà nílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lù ú. Ìlà àárín wọn pòórá. Ó mú òmíràn. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, Ishbel ń gbé e fún un, òun ń tẹ́ ẹ, Netta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo òkun. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Lachlan dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò.

"Ọmọ yẹn ló pa á," ó sọ fún Netta, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí Ishbel. "Ó ṣáà ń gbìyànjú láti tún un ṣe."

Netta la ẹnu. Ishbel mi orí fún un pé rárá. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ, Netta fi apá kọ́ ọ lápá, Ishbel sì tún kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, agbára Netta kò gbé e mọ́. Lachlan ti jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì nínú òjò dídì láìwọ bàtà, tó ń wá ẹ̀rọ agékoríko. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú Elgin. Ishbel lọ kí i nínú oṣù kejì. Ó ti ń múra bí òun yóò ṣe gba èébú mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbínú náà ti lọ, ó sì bá ohun gbogbo lọ. Lachlan rẹ́rìn-ín sí i bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó ní kó jókòó. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti yi.

"Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe, màdáámù?"

"Koríko ni mo ń tọ́jú. Ní pápá gọ́ọ̀fù."

"Iṣẹ́ tó le ni. Ta ló kọ́ yín?"

"Ọkùnrin kan ní Port Skellan."

"Ṣé ó mọṣẹ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n gan-an."

"Ìyẹn dáa," Lachlan ní. Ó tún ra àtẹ́lẹwọ́ náà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé, níbi tí òjò dídì ti bo ọgbà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ishbel jókòó tì í títí wọ́n fi gbé tíì wá. Ó bá a fẹ́ ẹ kó má baà jó o lẹ́nu. Nígbà tó jáde, ó jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sunkún débi pé ooru èémí rẹ̀ bo gíláàsì, kò rí ìta. Ó fi apá aṣọ nu gíláàsì náà, ó tan ọkọ̀. Wọ́n ti sọ nínú rédíò pé òtútù ọ̀la yóò le ju ti òní lọ, ó sì fẹ́ dé pápá kí ilẹ̀ tó ṣú, kó lè yọ àwọn àsíá tó ń fi ihò han àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, kí ẹnikẹ́ni má baà gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀ kó tẹ koríko mọ́lẹ̀ nígbà tó bá dì.